Páìpù Tí Bàbá Mi Yàn

Ọwọ́ bàbá mi ló yan páìpù náà. Mo kọ́kọ́ sọ èyí nítorí pé ẹ̀gbọ́n mi, Láwàl, ni gbogbo ará ilé ń bá wí títí dòní, kò sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ rí pé òun kọ́. Mo wà lẹ́yìn fèrèsé nígbà tí wọ́n yàn án, mo gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ.

Iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ làǹtànà ni bàbá mi, Àbdùlsàlámì, ṣe dàgbà. Òkúta pupa ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọn a fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, wọn a fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ lu ihò sí i, wọn a wá máa lọ̀ ọ́ lórí òkúta pẹrẹsẹ títí yóò fi dán. Ogójì ọdún ló fi jókòó ti iṣẹ́ yẹn. Nígbà tí àwọn oníbàárà lọ tán, eruku òkúta kò lọ ní tirẹ̀. Inú àyà bàbá mi ló kó sí. Bó bá rìn láti yàrá dé ibi àlùwàlá, á dúró lẹ́ẹ̀mejì kó tó débẹ̀. Lọ́dún 1978 tí orúkọ rẹ̀ jáde fún hájì, dókítà gbé fọ́tò àyà rẹ̀ sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó wò ó títí, ó ní kí Baba rí i pé wọ́n lọ lọ́dún yìí, torí òun kò lè fọwọ́ sọ̀yà nípa èyí tó ń bọ̀. Bàbá mi ń rẹ́rìn-ín nígbà tó ń ròyìn rẹ̀ fún ìyá mi, Ràúdátù. Ó ní dókítà náà gbọ́n, pé ẹni tí ń yá èémí mí, kí ló fẹ́ fi àmọ́dún ṣe?

Kánò ni ọkọ̀ òfurufú ti máa gbéra. Bọ́ọ̀sì kan ń kó àwọn arìnrìn-àjò hájì láti Ìlọrin, Abdulmumini ọ̀rẹ́ bàbá mi sì ti bá a gba àyè nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì náà kò ní fèrèsé tó dé dáadáa, eruku ọ̀nà á sì máa rọ́ wọlé láti àárọ̀ dalẹ́. Ìyá mi ní àyà yẹn kò lè gbà á. Láwàl tó ń ṣiṣẹ́ ní Kàdúná ránṣẹ́ pé kí wọ́n dá àyè bọ́ọ̀sì padà, òun fúnra òun ni yóò wá fi ọkọ̀ òun gbé Baba. Wọ́n dá a padà. Ẹlòmíì gbà á lọ́jọ́ kan náà.

Òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ló ta ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ náà fún Láwàl. Ó ní ohun tí wọ́n ń pè ní tọ́bò nínú. Bí Gàní, mẹkáníìkì tó tún jẹ́ wẹ́dà lẹ́yìnkùlé wa, ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún bàbá mi nìyí: dípò kí èéfín gbígbóná tí ẹ́ńjìnnì ń tú jáde kàn lọ lásán, á kọ́kọ́ yí abẹ̀bẹ̀ kékeré kan, abẹ̀bẹ̀ yẹn ló ń fẹ́ atẹ́gùn padà sínú ẹ́ńjìnnì, tí ọkọ̀ fi ń ní agbára tó ju ara rẹ̀ lọ. Páìpù kan ti ara tọ́bò sọ̀kalẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, òun ló ń gba èéfín náà lọ sí sàlẹ́ńsà. Páìpù yẹn ló là lọ́nà nígbà tí Láwàl ń bọ̀ láti Kàdúná. Ariwo tí ọkọ̀ náà mú wọ àdúgbò wa mú kí ewúrẹ́ sá wọ yàrá. Gàní jáde, ó bi Láwàl bóyá ọkọ̀ ló rà ni àbí ẹ̀rọ ìlọta.

Ilé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n bí Gàní sí. Ẹnu rẹ̀ mú, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ irin. Ó tú páìpù náà, ó jó o pọ̀, ó fi òkúta ha ojú jíjó náà, ó di ẹnu kan rẹ̀ pa, ó da omi sínú rẹ̀ láti wò ó bóyá ó ń jò. Kò jò. Ìgbà náà ni Láwàl ṣí búùtù, ó gbé páìpù mìíràn jáde. Ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní Kàdúná ló ti rà á. Kì í ṣe ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà ló ṣe é. Àwọn mìíràn ló ṣe é fún àwọn tó fẹ́ kí ọkọ̀ wọn sáré. Ó ń dán, ó sì tó ìlọ́po méjì èyí àtilẹ̀wá ní sísanra.

Gàní tẹ́ àpò sílẹ̀, ó kó méjèèjì sórí rẹ̀. Wọ́n gbé àga jáde fún bàbá mi kó wá wò wọ́n. Láwàl ṣàlàyé pé páìpù àtilẹ̀wá há jù, èéfín kì í tètè rí ọ̀nà jáde, ó ń dúró lọ́rùn tọ́bò. Ó ní pẹ̀lú èyí tó gbòòrò, ọkọ̀ á máa mí dáadáa, àwọn á sì ti wà ní Kánò kí oòrùn tó wọ̀.

Gàní kò wojú rẹ̀. Ó na ìka mẹ́ta sí bàbá mi. Ó ní rọ́bà kan wà tó ń gba ọ́ìlì kúrò lára tọ́bò, pé ìka mẹ́ta ló wà láàrin rẹ̀ àti páìpù àtijọ́. Ó ká ìka méjì sílẹ̀. Ó ní bí òun bá fi èyí tí Láwàl rà sí i, ìka kan ló kù, páànù tó ń gba ooru fún rọ́bà náà kò sì ní lè padà sáyè rẹ̀, nítorí àyè ti tán.

“Ẹ jẹ́ n fi èyí tí mo jó dè é,” ni Gàní wí. “Kò lẹ́wà, àpá pọ̀ lára rẹ̀ bíi tèmi. Ṣùgbọ́n á gbé yín débẹ̀. Bí Láwàl bá bọ̀, kó wá fi irin ọlọ́ràá rẹ̀ yìí ṣaya.”

“Bàbá Gàní, ẹ̀yin tí wọ́n bá fún ní bàtà tuntun, ẹ ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ lẹ̀ ẹ́,” ni Láwàl fèsì.

“Tuntun ni mo ń lẹ̀ jù.”

Àwọn tó dúró wò rẹ́rìn-ín. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ̀ síwájú, ó ki ọwọ́ bọ páìpù tó sanra, ọwọ́ rẹ̀ wọlé tòun ti ìkúùkù. Ó ki í bọ ti àtijọ́, ìka mẹ́ta péré ló wọlé. Ó ń wo ẹnu páìpù tóóró náà bí ẹni ń wo ojú aláìsàn.

“Ibí yìí ni ó ti ń mí láti ọjọ́ yìí?”

Láwàl ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Mo mọ bó ṣe ń rí lára,” ni bàbá mi wí, ó sì dúró kó lè rí èémí sọ ìyókù. “Gàní, fi èyí tó gbòòrò sí i. Má jẹ́ kí ohun tó máa gbé mi lọ máa wá èémí.”

Kí ni wẹ́dà fẹ́ sọ sí ọ̀rọ̀ yẹn? Ta ló fẹ́ sọ fún aláìsàn tó ń lọ sí Mákà pé àánú tó ṣe irin ti pọ̀ jù? Gàní gbé páìpù ọlọ́ràá náà, ó wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ.

Ó pẹ́ lábẹ́ ọkọ̀. Nígbà kan mo gbọ́ tó ń bá páìpù náà sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ pé kó sún sọ́hùn-ún díẹ̀. Ó fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun tí kì í jẹ́ kí èéfín jò sẹ́nu tọ́bò, ó dè é, ó fi aṣọ tí iná kì í tètè jó wé rọ́bà ọ́ìlì náà lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó jáde, ó ní kí Láwàl wa ọkọ̀ náà dé Òkè-Òyì lójú ọ̀nà Jẹ́bà kó wà á bọ̀, kí ara páìpù gbóná dáadáa, kí òun tún wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó tún ní kó gbé páìpù tí òun jó sí búùtù. Àláásárì Ọjọ́bọ̀ nìyẹn. Àárọ̀ ọjọ́ kejì la ó gbéra, ilé sì ti kún fún àwọn tó wá kí wa. Láwàl wa ọkọ̀ náà dé ọjà, ó wà á padà, ó ní kò sí nǹkan kan. Búùtù ti kún fún àpótí àti kúlíkúlí. Páìpù àtijọ́ fara ti ògiri Gàní, ibẹ̀ ló wà.

Ní agboolé wa, ẹni tó bá dágbére hájì kì í padà. Á tọrọ àforíjì lọ́wọ́ tọmọdé tàgbà, wọn á ṣàdúà fún un, á fi ẹsẹ̀ ọ̀tún jáde, ó parí. Bó bá gbàgbé ohunkóhun, ẹlòmíràn ló ń gbé e tẹ̀ lé e. Àwọn àgbà máa ń sọ̀rọ̀ ẹnì kan nínú ìdílé wa, ayé àwọn tí ń fẹsẹ̀ rìn lọ, tó padà wá mú tẹ̀súbáà rẹ̀. Nígbà tó tún jáde, kò dé Mákà, kò sì padà wálé mọ́. N kò gbọ́ kí wọ́n dárúkọ onítọ̀hún rí. Ìbẹ̀rù rẹ̀ nìkan ló kù.

Lẹ́yìn Àsùbáà ọjọ́ Jímọ̀ọ̀, bàbá mi fi ẹsẹ̀ ọ̀tún jáde. Èmi náà ń bá wọn lọ dé Kánò, nítorí èmi ni mo mọ bí wọ́n ṣe ń po àgbo rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń gbé e jókòó nígbà tí àyà bá dì í. Ó gbọ́dọ̀ wà ní ibùdó àwọn alálàájì ní Kánò kí wọ́n tó kírun Ìṣáì. Ìdájí ọjọ́ kejì ni ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ máa lọ, èyí tó kẹ́yìn fún àwọn ará ọ̀dọ̀ wa ni. Ọkọ̀ náà ń lọ jẹ́jẹ́, tọ́bò ń súfèé wẹ́ẹ́rẹ́ níwájú. Bàbá mi gbé ọwọ́ lé àyà, ó wo ẹ̀yìn wò mí.

“O gbọ́ ọ? Ó ń mí.”

A ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọjá Sáńgò, létí Ìlọrin, nígbà tí òórùn kan dé sí mi nímú. Mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé nǹkan ń jó. Láwàl ní páìpù tuntun ni, epo tí wọ́n fi pa á lára ló ń gbẹ. Òótọ́ ni pé Gàní ti sọ pé yóò rùn díẹ̀. Ṣùgbọ́n epo kọ́ ni mo gbọ́. Òórùn bàtà rọ́bà tó bọ́ sínú ààrò ni. Mo tún un sọ, ohùn mi kò sì ròkè ju ti àkọ́kọ́ lọ. Láwàl dẹ ìrìn ọkọ̀. Òun náà ti gbọ́ ọ báyìí. Ó ní bóyá kí àwọn yí padà kí Gàní yọjú wò ó, pé kò ní gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

“Láwàl,” ni bàbá mi wí, “mo ti dágbére fún ìyá rẹ. Má yí orí ọkọ̀ yìí padà.”

Láwàl tẹ iná mọ́ ọn. Mo ro ó lọ́kàn mi pé a lè dúró síbẹ̀, kí Láwàl wọ takisí lọ pe Gàní wá bá wa, láìjẹ́ pé Baba padà. Ọ̀rọ̀ náà tò nínú mi tán pátápátá, ó kúrú, kò le. N kò sọ ọ́. Ó ti mọ́ mi lára kí n máa dúró kí àgbà sọ̀rọ̀ tán, n kò sì mọ ìgbà tí àgbà máa ń sọ̀rọ̀ tán.

Nígbà tí a dé iwájú Òkè-Òyì, èéfín funfun bo ẹ̀yìn wa. Súfèé tọ́bò yí padà di igbe tó ń ha etí, lẹ́yìn náà ohun kan dún gbì nínú ẹ́ńjìnnì. Láwàl ti ọkọ̀ sẹ́bàá ọ̀nà. Bó ṣe ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọ́ìlì ló ń kán bọ́tọ́bọ́tọ́ sórí páìpù dídán náà, tó ń jó lé e lórí. Rọ́bà náà ti yọ́ láàrin aṣọ tí Gàní fi wé e.

Àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Àdìsá, tí ilé rẹ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà níbẹ̀, wá bá wa. Ó tẹ́ ẹní fún bàbá mi lábẹ́ igi máńgòrò, ìyàwó rẹ̀, Hàlímọ̀tù, sì gbé omi tútù jáde. Ọkọ̀ ńlá kan tó kó iṣu lọ sí Kàdúná dúró. Àyè ẹnì kan wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà. Láwàl wo ojú fèrèsé rẹ̀ tí kò ní gíláàsì, ó wo àyà bàbá mi, ó ní kí dírẹ́bà máa lọ, pé rọ́bà lásán ni, òun á sáré lọ mú Gàní àti páìpù àtijọ́ wá, kó tó di wákàtí méjì àwọn á ti lọ. Bàbá mi gbà. Ó ní kí wọ́n má fi eruku pa òun kí òun tó rí Káábà. Ọkọ̀ iṣu lọ. Láwàl wọ bọ́ọ̀sì kékeré kan padà sí Ìlọrin.

Ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ ni, Gàní sì ti lọ sí mọ́ṣáláṣí kí Láwàl tó débẹ̀. Oòrùn ti yẹ̀ kúrò lórí nígbà tí Láwàl fi mú un dé tòun ti páìpù àti rọ́bà tuntun. Bàbá mi rí wọn, ó jókòó dáadáa, ó ní kí n fún wọn lómi. Gàní kò mu omi. Ó tú páìpù ọlọ́ràá, ó sọ ọ́ sínú koríko. Lẹ́yìn náà ó fi ìka kan ti abẹ̀bẹ̀ tọ́bò, èyí tó yẹ kó máa yí bí èèyàn bá fẹ́ atẹ́gùn lù ú. Kò yí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì mú un. Kò yí. Ó fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wo ọ́ìlì yọ, ó gbẹ bí igi ìdáná. Ó ní kí Láwàl ṣáná sí i lẹ́ẹ̀kan, ẹ́ńjìnnì dún bí ẹni ń da òkúta sínú agolo. Ó ní ó tó.

Ó wá síbi ẹní, ó lóṣòó níwájú bàbá mi. N kò rí Gàní lóṣòó fún ẹnikẹ́ni rí.

“Ọ́ìlì tán lára rẹ̀ nígbà tó ń sáré,” ló wí. “Ó ti jẹ ara rẹ̀. Kò sí páìpù tí mo lè fi sí i báyìí, Baba.”

Bàbá mi ní ṣé ó ti dákẹ́ ni? Gàní ní ó ti dákẹ́.

Láwàl bọ́ sójú ọ̀nà, ó ń na ọwọ́ sí gbogbo ohun tó bá ń bọ̀. Àwọn tí kò kún kò lọ jìnnà, àwọn tó ń lọ jìnnà ti kún. Nígbà tí ọ̀kan dúró, Jẹ́bà ló ń lọ, Àláásárì sì ti wọlé. Láwàl sáré wá, ó ní ẹ jẹ́ ká lọ, a ó rí òmíràn ní Jẹ́bà. Bàbá mi gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè. Ó ń ká ìka, ó ń dárúkọ ìlú: Jẹ́bà, Mókwà, Kàdúná, Sáríà, Kánò. Nígbà tó dé orí Kánò ọwọ́ náà ti di ìkúùkù. Ó gbé e lé itan, kò ṣí i.

Láwàl wólẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́ ẹ̀bá ọ̀nà, ó ń bẹ̀ ẹ́. Bàbá mi kò bá a wí. Ì bá sàn kó bá a wí. Ó kàn ní kó dìde, pé ọkọ̀ lè gbá a níbẹ̀.

Nígbà tí Gàní fẹ́ mú wa padà sílé, bàbá mi kọ̀. Ó ní òun ti jáde fún hájì, ilé kò gba òun títí àwọn tó lọ yóò fi bọ̀. Àdìsá fún wa ní yàrá kan. Mo rò pé ọjọ́ mẹ́ta ni. Ó ju ogójì ọjọ́ lọ.

Ìyá mi ń ránṣẹ́. Ó ní àwọn èèyàn ń wá sílé wá tọrọ pé kí Àlàájì rántí àwọn lórí òkè Àráfà, òun kò sì lè sọ fún wọn pé kò lọ. Lọ́jọ́ Àráfà gan-an bàbá mi gba ààwẹ̀, ó jókòó lábẹ́ igi máńgòrò láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Láwàl gbé àgbò wá fún ọdún, ó so ó mọ́ igi, ó dúró níwájú Baba. Bàbá mi ní kó fi fún Àdìsá. Láti ọjọ́ yẹn, kì í jẹ ju òkèlè mẹ́ta lọ. Mo máa ń gbọ́ bí èémí ṣe ń fà nínú rẹ̀, mo sì ń kà á láìfẹ́.

Abdulmumini ló kọ́kọ́ wá nígbà tí àwọn alálàájì bọ̀. Láwàní ṣì wà lórí rẹ̀, ó gbé omi sàmúsàmù, omi mímọ́ Mákà, sínú ìgò kékeré kan lọ́wọ́. Ó jókòó sórí ẹní, wọ́n kíra. Bàbá mi ní kó ròyìn. Abdulmumini bẹ̀rẹ̀, ó wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó dákẹ́.

“Máa sọ ọ́,” ni bàbá mi wí. “Má fò ó.”

Abdulmumini sọ ọ́. Bí wọ́n ṣe sọ̀ kalẹ̀ ní Jídà, bí ooru ibẹ̀ ṣe rí, ìgbà tí ó kọ́kọ́ fojú kan Káábà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ láti rìn, ìgbà méje tí wọ́n yí i ká, àwọn èèyàn tí wọ́n pọ̀ bí iyẹ̀pẹ̀. Bàbá mi ń bi í léèrè: ojú ilẹ̀ ibẹ̀, ṣé ó tutù lẹ́sẹ̀ ni? Ibi tí arúgbó bá ti rẹ̀, ṣé wọ́n ń jẹ́ kó sinmi? Abdulmumini ní wọ́n ń gbé àwọn aláìlera lórí ibùsùn yí i ká, kò sí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé tí wọn ò gbé. Bàbá mi mi orí.

“Wọn ì bá ti gbé mi.”

“Wọn ì bá ti gbé ọ,” ni Abdulmumini wí, ó sì bú sẹ́kún. Bàbá mi gba ìgò náà, ó mu ún, ó gbé ìyókù fún mi. Gbogbo èèyàn ló ń tọrọ nǹkan kí wọ́n tó mu ún, òun kò tọrọ ohunkóhun. Ẹnu rẹ̀ kò mì.

Lọ́jọ́ kejì ó ní kí n di ẹrù wa. Láwàl gbé ọkọ̀ àyálò wá. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà agboolé, ìyá mi ti jáde, àwọn obìnrin ilé sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Mo rí i pé kò mọ̀ bóyá kí òun pe ọkọ òun ní Àlàájì níwájú àwọn èèyàn yìí. Lẹ́yìn náà ó wí jẹ́jẹ́:

“Ẹ kú àbọ̀.”

Bàbá mi dì mọ́ èjìká mi kó lè dúró. Ó wò ó, kò bínú.

“Ràúdátù, níbo ni mo lọ?”